Irin Ìfà Tó Kàn Mí Nínú Ogún

Ní oṣù tó kọjá, ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ wá bá mi nílé mi ní Ìsẹ́yìn. Ó ti ra píkọ́ọ̀pù àlòkù kan, ó sì fẹ́ máa fi fa táǹkì omi lọ sí oko rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n ti sọ fún un pé irin ìfà kan wà lábẹ́ igi kajú lẹ́yìnkùlé mi, tí n kò fi ṣe ohunkóhun. Ó bi mí bóyá irin náà á bá ọkọ̀ òun mu. Mo ní kò ní í bá a mu. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, kí ni wẹ́dà wá ń ṣe láyé?"

Mo ní kó jókòó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un, ṣùgbọ́n mo rí i pé fóònù rẹ̀ ló ń wò, mo sì dákẹ́. Ohun tí n kò lè sọ tán fún un ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí.

Irin ìfà tí mò ń wí kì í ṣe nǹkan ńlá. Irin kan ni tó gùn tó ìbú ìdí ọkọ̀, tí wọ́n ń fi bóòtù dè mọ́ abẹ́ ọkọ̀ lẹ́yìn. Orí kan yọ láàárín rẹ̀, róbótó bí ọsàn kékeré. Orí yẹn ni ẹnu kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù máa ń bò mọ́lẹ̀, tí ọkọ̀ á fi máa fà á lọ. Kẹ̀kẹ́ onítáyà méjì náà, tírélà ni bàbá mi ń pè é, orúkọ yẹn ni gbogbo wa sì ń pè é títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tó ìdámẹ́wàá àwọn tírélà tó ń gba títì kọjá.

Tábà ni bàbá mi ń gbìn. Nígbà tí tábà ṣì ń mú èrè wá ní agbègbè wa, ó ra jíìpù gíga kan lọ́wọ́ òyìnbó tó ń padà sílé, pẹ̀lú tírélà àti irin ìfà rẹ̀. Mo wà ní yunifásítì nígbà náà, tí mò ń kọ́ nípa àwọn ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀, láyé ìgbà tí wọ́n ṣì ń gbé oúnjẹ síwájú wa pẹ̀lú fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ, tí ẹnì kan sì wà tó ń bá wa fọ aṣọ, tó ń bá wa lọ̀ ọ́. Bí mo bá wá sílé fún ọlidé, èmi ni Bàbá máa ń pè láti so tírélà mọ́ jíìpù. Á dúró tì mí, á máa wò bí mo ṣe ń fi gírísì pa orí irin náà, bí mo ṣe ń rọra sọ ẹnu tírélà kalẹ̀ lé e lórí títí yóò fi dún kọ́ọ̀. Ìgbà tó bá dún ló tó máa ń mí kanlẹ̀. Mo ṣì máa ń gbọ́ ìró yẹn létí mi. Òórùn ewé tábà gbígbẹ, erùpẹ̀ pupa tó bo bàtà wa, àti bàbá mi tó káwọ́ sẹ́yìn: kò sí èyí tó kù níbẹ̀ mọ́.

Ìyàwó mẹ́ta ni Bàbá fẹ́. Nígbà tó fi máa kú, mo ti ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Wọ́n pín ogún rẹ̀ ní ìdí-igi bí a ti máa ń ṣe é, ìyá kọ̀ọ̀kan àti àwọn ọmọ tó bí, ìpín kan. Oko kò ṣòro láti pín, ilé sì ní yàrá tó pọ̀. Jíìpù ni wọn kò mọ bí wọ́n ṣe máa pín. Olórí ẹbí wa nígbà náà jẹ́ àbúrò Bàbá, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í fẹ́ ariwo. Ó ronú sí i fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ó ní kí àwọn ọmọ ìyálé mú jíìpù, kí àwọn ọmọ ìyàwó kejì mú tírélà. Èmi nìkan ni ìyá mi bí. Ó ní kí wọ́n tú irin ìfà kúrò nídìí jíìpù, kí wọ́n gbé e fún mi.

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní kí n lọ fi ṣe ọmọ odó. Olórí ẹbí jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, ó wá ní, "Ẹ kò ní lè fa ẹrù láìjẹ́ pé ẹ wá ara yín lọ."

Ohun tó ní lọ́kàn nìyẹn. Ó fẹ́ fi irin so wá pọ̀. Mo ti dá a lẹ́bi fún un nígbà púpọ̀, mo sì tún ti dá a láre.

Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ ìyálé fi ta jíìpù náà fún àwọn tó ń ra irin àlòpatì, tí wọ́n sì túká lọ sí Èkó. Àkọ́bí ìyàwó kejì ni tírélà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò mi ni, ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jù ú. Kò ka ìwé púpọ̀. Oko iṣu àti àgbàdo rẹ̀ wà nítòsí Òtu, ibẹ̀ ló sì fi ṣe ilé. Tírélà wà lọ́dọ̀ rẹ̀, irin ìfà wà lọ́dọ̀ mi. Lọ́dọọdún, bí ìkórè bá ti dé, á wá gba irin náà. Bí ìkórè bá parí, á dá a padà.

N kò lè gbàgbé bó ṣe máa ń wọlé. Á ti máa pariwo "Ọ̀gá Tíṣà" láti ẹnu ọ̀nà, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí òun náà ti ń funfun, á sì gbé ẹran ìgbẹ́ tó ti yan fún ìyàwó mi. Á jókòó títí oòrùn á fi rọlẹ̀ díẹ̀, á máa sọ ìròyìn ẹni tó kú, ẹni tó bímọ, màlúù tó wọ oko ta. Lẹ́yìn náà la máa ń jọ gbé irin náà, òun ní orí kan, èmi ní orí kejì, títí dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀. Mo sọ fún un lẹ́ẹ̀kan pé kó máa jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, pé kò sẹ́ni tó máa bi í. Ó wò mí bí ẹni pé mo sọ ìsọkúsọ. Ó ní tèmi ni, Bàbá ló fún mi.

Ṣùgbọ́n jíìpù tí wọ́n torí rẹ̀ rọ irin náà kò sí mọ́. Píkọ́ọ̀pù kan ni àbúrò mi kọ́kọ́ gbé wá, mo sì sọ òótọ́ fún un. Mo ní ibi tí wọ́n lu ihò sí lábẹ́ ọkọ̀ kan kọ́ ni wọ́n lù ú sí lábẹ́ òmíràn, pé ẹni tó ṣe irin ìfà ti wọn ìdí ọkọ̀ kan pàtó, bí ìgbà tí télọ̀ wọn èjìká èèyàn. Mo ní bí ihò bá tilẹ̀ bára mu, ìyẹn kò ní kí ọkọ̀ náà lè fa tírélà, torí irin náà ní ìwọ̀n ẹrù tó lè rù, ọkọ̀ náà sì ní tirẹ̀, èyí tó bá kéré nínú méjèèjì ni èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Ó tẹ́tí sí mi dáadáa. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ka ìwé nípa ọkọ̀. Èmi ni mo ń wà á."

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Wẹ́dà lu ihò tuntun sára irin náà, àbúrò mi fa iṣu rẹ̀ lọ sọ́jà, kò sí ohun tó ṣe é. Nígbà tó pààrọ̀ píkọ́ọ̀pù, wọ́n tún lu ihò mìíràn. Ihò mẹ́rin ni irin náà ní lọ́dọ̀ Bàbá. Nígbà tó yá ó di mẹ́jọ, ó di mọ́kànlá. Àwọn ọkọ̀ yẹn lágbára, wọ́n ní ṣáásì, ìyẹn irin gígùn méjì tó gba abẹ́ ọkọ̀ já láti iwájú dé ẹ̀yìn, nítorí náà wọ́n gba ìyà náà mọ́ra. Lọ́dọọdún ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ mi, lọ́dọọdún ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tilẹ̀ di ara ìkíni wa. Bó bá ti dọ̀bálẹ̀ tán, á ní, "Ẹ tètè ṣe ìwàásù yín, kí n lè máa lọ."

Nígbà tó yá, ìyàwó mi kú. Àwọn ọmọ mi ti wà lókè òkun. Wọ́n máa ń pè mí ní ọjọ́ Àìkú, a máa ń rí ojú ara wa nínú fóònù. Àwọn tí a jọ kọ́ni ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ẹnì kan wà tó ń wọ ilé mi láìkànlẹ̀kùn, tó ń pè mí ní orúkọ tí wọ́n fi ń pè mí nígbà tí mo ṣì wúlò. N kò mọ ọdún tí mo dẹ́kun ìwàásù náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí irin yẹn kò bá lè wọ ọkọ̀ rẹ̀ mọ́, kò sí ohun tó máa mú un wá láti Òtu.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, bọ́ọ̀sì kékeré kan ló gbé wá, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́ lókè òkun, tí àwa níbí fi ń kó èrò àti ẹrù. Kò pariwo wọlé lọ́jọ́ náà. Ó ní wẹ́dà rẹ̀ ní Òtu, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọṣẹ́ dunjú, kọ̀ láti jó irin náà mọ́ ọn. Wẹ́dà ní òun kò ní í fi iná kan abẹ́ ọkọ̀ yẹn, àyàfi bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó lọ sí yunifásítì bá wò ó, tó sì ní ó dára.

Mo tẹ́ ẹní sílẹ̀, mo wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ṣe irú rẹ̀ kẹ́yìn. Kò sí ṣáásì níbẹ̀. Páànù fẹ́lẹ́ tí wọ́n ká po ni gbogbo ìdí ọkọ̀ náà, ó sì ti dógùn-ún níbi méjì. Mo fi ìka kàn án, ó dún bí agolo mílíìkì. N kò nílò ìwé kankan láti mọ ohun tí mo rí. Irin náà á lẹ̀ mọ́ ọn, wẹ́dà tó dára á jẹ́ kó lẹ̀ pinpin, ṣùgbọ́n páànù yẹn kò lè dúró de ẹrù iṣu lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Mo pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó ní, "Ọ̀gá Tíṣà, àbí ẹ ti sùn ni?"

Mo ní mò ń wò ó.

Ó wá ní bí kò bá gbà á, kò burú. Ó ní ẹnì kan wà ní Òtu tó ń fi lọ́rí kó iṣu wá sọ́jà Ìsẹ́yìn, òun lè máa kó tòun pọ̀ mọ́ tirẹ̀. "Bó bá rí bẹ́ẹ̀, n kò ní í máa yọ yín lẹ́nu mọ́," ó wí.

Ibi tí mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn, orí páànù tó dógùn-ún ni ojú mi wà. Mo ní, "Á gbà á. Kó sáà jó o dáadáa, kí ìwọ náà má sáré."

Ó fa apá mi kí n lè jáde. Níbẹ̀ ló ti pe wẹ́dà lórí fóònù, ó sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n òun ti wò ó, wọ́n ní á gbà á. Mo gbọ́ ohùn wẹ́dà láti inú fóònù. Ó ní, "Ó ti parí nìyẹn, bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀." A jọ gbé irin náà sínú bọ́ọ̀sì, òun ní orí kan, èmi ní orí kejì. Ó ní kí n má ra iṣu lọ́jà, pé òun ń kó tèmi bọ̀.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyàwó rẹ̀ tó jókòó níwájú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà ló sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi. Ó ní wọ́n ti sún mọ́ Ìpàpó, wọ́n ń gun òkè kan, nígbà tí ọkọ rẹ̀ ní òun ń gbọ́ ìró tí kò yé òun lẹ́yìn. Ó dúró, ó fa ìjánu ọwọ́, ó bọ́ sílẹ̀ lọ wò ó. Ó padà wá sójú fèrèsé, ó ní irin ti ń tẹ̀ wálẹ̀, kí ìyàwó òun má mira, òun fẹ́ fi òkúta há táyà tírélà kó má baà yí. Ó rí òkúta lẹ́bàá títì. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn tírélà nígbà tí ìdí bọ́ọ̀sì ya. Ìyàwó rẹ̀ ní ìró náà dà bí ìgbà tí èèyàn fa aṣọ ya. Tírélà yí padà sẹ́yìn pẹ̀lú gbogbo iṣu àti àpò àgbàdo tó wà lórí rẹ̀.

Àwọn ọlọ́kadà ló gbé e kúrò lábẹ́ rẹ̀. Kò dé ilé ìwòsàn.

Wọ́n pè mí, mo sì lọ síbẹ̀. Iṣu wà káàkiri nínú koríko, àwọn kan nínú wọn ti fọ́, inú wọn funfun nínú oòrùn. Irin ìfà ṣì wà lẹ́nu tírélà, páànù ìdí bọ́ọ̀sì lẹ̀ mọ́ ọn lápá méjèèjì bí awọ ẹran. Mo tẹjú mọ́ ojú ibi tí wọ́n jó. Kò ya rárá. Iṣẹ́ wẹ́dà dúró. Ọkọ̀ ló ya.

Mùsùlùmí ni àbúrò mi, bí bàbá wa. Èmi ti di Kristẹni láti ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà gan-an. Ní ọjọ́ kẹjọ, a péjọ fún àdúrà ní ilé rẹ̀ ní Òtu. Kí àwọn àfáà tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ wẹ́dà ti gba ẹnu gbogbo èèyàn. Wọ́n ní ìwà wọ̀bìà ló mú un gba iṣẹ́ tí kò yẹ kó gbà, pé kò mọṣẹ́, pé kó má gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ ilé náà. Ó wà nínú ilé náà. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà láàárín àwọn bàtà tí àwọn èèyàn bọ́ sílẹ̀, ó fi fìlà rẹ̀ sáàárín ọwọ́ méjèèjì. Mo ń retí pé kó sọ ọ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ì bá fi gba ara rẹ̀. Ó gbójú sókè wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó tún wolẹ̀. Wọ́n ti tọ́ ọ dáadáa. Kò ní í tú àṣírí àgbàlagbà níwájú àwùjọ.

Mo dìde. Mo ní, "Èmi ni mo ní kó jó o. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀ náà, mo rí i pé páànù ni, mo sì ní á gbà á."

Olórí ẹbí tí ó wà níbẹ̀ báyìí kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ó wá sọ́dọ̀ mi, ó di apá mi mú, ó rọra mú mi jókòó. "Ìbànújẹ́ ló ń gba ẹnu yín sọ̀rọ̀, Bàbá," ó wí. "Àmúwá Ọlọ́run ni. Ẹ jẹ́ ká ṣe àdúrà."

Mo tún gbìyànjú láti sọ ọ́. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, wọ́n ní ẹ wo bí ẹ̀gbọ́n ṣe fẹ́ràn àbúrò tó, tó fẹ́ ru ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀. Opó àbúrò mi kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní kí n má dá ara mi lẹ́bi, pé ojoojúmọ́ ni ọkọ òun ń fi mí yangàn. Àfáà bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Nígbà tí mo wo ẹnu ọ̀nà, wẹ́dà ti lọ.

Kò sẹ́ni tó gbé iṣẹ́ fún un mọ́ ní Òtu. Kí òjò tó dé, ó ti kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí Kìṣí. Ní ti irin ìfà, wọ́n gé páànù kúrò lára rẹ̀, wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, wọ́n gbé e wá fún mi ní Ìsẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Wọ́n ní tèmi ni, Bàbá ló fún mi. Mo ní kí wọ́n gbé e sábẹ́ igi kajú.

Ó wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, títí ọkùnrin ìjọba ìbílẹ̀ yẹn fi dé. Lẹ́yìn tó lọ, mo rò ó pé ó máa padà wá, tàbí kí ẹlòmíràn wá, pé lọ́jọ́ kan n kò ní í sí nílé ayé láti sọ fún wọn pé kò bá a mu. Ní ọjọ́ kejì, mo háyà ọkọ̀, a gbé irin náà sínú búùtù, mo sì lọ sí Kìṣí.

N kò pẹ́ kí n tó rí wẹ́dà náà. Ó ń jó irin fèrèsé nítòsí ibi tí wọ́n ti ń ta màlúù, lábẹ́ àtíbàbà páànù kan. Ó mọ̀ mí láti òkèèrè, ó sì dọ̀bálẹ̀ nínú erùpẹ̀. Mo ní kó dìde. Mo ní mo fẹ́ kó gé irin náà sí wẹ́wẹ́, kí ó má baà ṣeé dè mọ́ ìdí ọkọ̀ kankan mọ́.

Ó yí irin náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó fi ọwọ́ pa ojú ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti jó rí.

"Bàbá," ó wí, "lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí ẹ wà lábẹ́ ọkọ̀, ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i."

Ó mi orí. Kò bínú, kò sì tù mí nínú. Ó ní, "Èmi náà ti rí i. Ìdí tí mo fi ní kó wá bá yín nìyẹn. Mo mọ̀ pé tèmi kò ní í wọ̀ ọ́ létí, mo ní tiyín á wọ̀ ọ́."

Ó gbé awò dúdú bojú, ó sì tan iná. Ó gé e gba ojú àwọn ihò náà, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, láti orí èyí tí wọ́n lù fún jíìpù Bàbá títí dé èyí tó kẹ́yìn. Mo dúró tì í, mo káwọ́ sẹ́yìn. Nígbà tó parí, ó bi mí bóyá mo fẹ́ mú orí róbótó yẹn lọ sílé. Mo ní rárá.

Bí a ṣe ń padà bọ̀, a gba Òtu kọjá. Ìkórè ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n to iṣu sí ẹ̀bá títì. Awakọ̀ bi mí bóyá mo ní ẹnì kan tí mo fẹ́ kí níbẹ̀. Mo ní kó máa wakọ̀ lọ.